Iná Tí Ọ̀gá Mi Fi Ń Dán Bátìrì Wò

Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ ríwáyà ọkọ̀ àti iṣẹ́ bátìrì ní Agége àti Orégùn. Dókítà ló ní kí n fi í sílẹ̀. Ó gbé fọ́tò àyà mi sókè síbi iná, ó ní oru ásíìdì ti ba ẹ̀dọ̀fóró mi jẹ́, ó wá bi mí pé ṣé n kì í bo imú ni. Mo ní, ta ló kọ́ wa pé ká máa bo imú? Ó rí i pé inú ń bí mi, ó sì rí i pé kì í ṣe òun ni inú ń bí mi sí.

Àwọn òbí àdúgbò wa máa ń rán ọmọ wọn sí mi báyìí, kí n sọ fún wọn bóyá iṣẹ́ yìí dára láti kọ́. Ẹnu mi wúwo. Bí ẹni mẹ́ta bá ń wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ á há sí mi lọ́fun. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé mi kò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n mo lè kọ ohun tí ojú mi rí.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gba àlàyé. Ọdún kejì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà tí ilé ìwé dúró. Bàbá mi, aránṣọ ará Ògbómọ̀ṣọ́, mú mi lọ bá Ọ̀gá Làmídì, ọmọ ìlú rẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Agége. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Ọ̀gá wò mí láti òkè délẹ̀.

"Obìnrin lẹ mú wá, Alàájì?"

Bàbá mi ní, "Ẹni tó gbọ́ràn ni mo mú wá."

"Ó tán nìyẹn," ni Ọ̀gá wí. Wọ́n kọ̀wé ọdún márùn-ún, wọ́n ṣàdúà, wọ́n pín kóòkì.

Ọdún kìíní, n kò fọwọ́ kan wáyà. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ iyọ̀ funfun kúrò lórí bátìrì àwọn ènìyàn, mò ń bu omi sínú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ásíìdì kì í jẹ aṣọ lójú ẹsẹ̀. Yóò dúró títí o ó fi fọ aṣọ náà, nígbà tí o bá sá a sójú oòrùn ni o ó tó rí ihò. Kò pẹ́ tí gbogbo ẹ̀wù mi fi dà bí asẹ́. Ìyá mi ní bí mo bá ń lọ sí ibi ìsìnkú, kí n lọ yá aṣọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀gá Làmídì kì í pariwo, kì í sì í na ènìyàn. Bí o bá so wáyà tí kò fún, yóò mú pílíáṣì, yóò gé gbogbo ohun tí o ti so láti àárọ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára, yóò ní, "Ó yá, bẹ̀rẹ̀." Lẹ́ẹ̀kan ó gé e mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo sunkún nígbà kẹta. Ó ní, "Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. So ó." Ó máa ń fi aṣọ dì wá lójú, kí á fi ìka mọ wáyà tó nípọn yàtọ̀ sí èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní wáyà dà bí páìpù: bí omi tí o fẹ́ gbà lára rẹ̀ bá ti pọ̀ jù fún un, páìpù á bẹ́, wáyà á gbóná títí yóò fi jó ilé. Ó ní fíúsì ni òmùgọ̀ tí a san owó fún kó kú dípò wa, ẹni tó bá fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì ti pa òmùgọ̀, ó sì ti fi ara rẹ̀ sípò rẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, bó ti wù kí inú bí mi tó: ọkùnrin náà mọ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó ga ju gbogbo èyí lọ. Ọmọ iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ níwájú kọ́sítọ́mà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ló ní òfin yìí. Ẹ lọ sí ìdí mẹkáníìkì yòówù, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn pánẹ́lì-bítà, àwọn télọ̀. Bí ọ̀gá bá ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, ọmọ iṣẹ́ á fọwọ́ sẹ́yìn.

Mo rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan. Mo ti lo bí ọdún kan ààbọ̀. Ọkùnrin kan wa ọkọ̀ wá, ó pa á, kò fẹ́ ta mọ́. Ọ̀gá wò ó, ó ní bátìrì ti kú. Èmi ti rí i pé orí bátìrì ló tú, wáyà kàn gbé sórí rẹ̀ lásán ni. Mo ní, "Ọ̀gá, orí rẹ̀ ló tú." Ọkùnrin náà fún un pọ̀, ó wọ ọkọ̀, ọkọ̀ ta. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ sítíárì. "Làmídì, ọmọ ẹ ti gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹ o. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni n ó máa wá báyìí."

Nígbà tó lọ tán, Ọ̀gá gbé bátìrì ọkọ̀ ńlá kan lé mi lórí, ó ní kí n kúnlẹ̀ sójú oòrùn. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ní, "O rí i dáadáa. Òótọ́ ni o sọ. Ṣùgbọ́n o bọ́ mi síhòòhò lójú ọjà." Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń pè mí ní Ìyá Dákẹ́, àwọn tó kù sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. N kò ṣe ohun méjì mọ́ ju kí n dákẹ́ lọ. Kò nira fún mi. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ó kàn fi èdìdì lé e ni.

Wọ́n máa ń ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Wọn kò sọ fún wa pé ẹyin tí adìyẹ kò yé máa ń rà sí i níkùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ọ̀gá ṣe ń dán bátìrì wò. A ń pè é ní sípáàkì. Yóò mú wáyà kan tó nípọn, yóò fi ìdí rẹ̀ kan orí kan lára bátìrì, yóò fi ojú rẹ̀ ha orí kejì, fìrí. Iná á ṣẹ́. Bí iná náà bá funfun, tó sì dún pá, bátìrì ti kún. Bó bá pupa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣe nǹkankan, ẹ lọ ra òmíràn. Àwọn kọ́sítọ́mà fẹ́ràn rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wo idán, ojú Ọ̀gá sì mú débi pé kì í sábà ṣìnà. Nígbà tí èmi ra mítà kékeré kan tó ń wọn agbára bátìrì, tí ó ń kọ nọ́ńbà sí ojú, ó yí i lọ́wọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Ṣé ìwé lẹ fẹ́ máa kà lára bátìrì ni?" Ó jù ú padà sí mi. Mo ń fi í sápò.

Sípáàkì kì í fi bẹ́ẹ̀ léwu lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀. Atẹ́gùn wà níbẹ̀. Ohun tó pa wá lára ni pé a gbé ìwà ìdí ọkọ̀ wọ inú ilé.

Ó ku oṣù méjì kí n gba fíríìdọ́ọ̀mù nígbà tí Bàbá Fẹ́mi dé. Ará Èkìtì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àlàúsá, ó ń gbé ní Àgídìngbì. Ó ra bọ́ọ̀sì gígùn kan tó ti gbó, ó pe káfíńtà, wọ́n yọ gbogbo ìjókòó kúrò, wọ́n kan ibùsùn sí i, ibi ìdáná, fìríìjì, fáànù, gílóòbù, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi. Ilé orí táyà. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, fẹ́ máa fi í bẹ àwọn ọmọ wọn wò, Àkúrẹ́, Ìlọrin, títí dé Jọ́ọ̀sì.

Màmá Fẹ́mi ní, "Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Páìpù ilé ìdáná wa ń jò láti ìgbà Àjíǹde, kò tún un ṣe. Ilé tó ní táyà ló fẹ́ kọ́."

Bàbá ní, "N ò sùn ní pálọ̀ ọkọ ọmọ mi mọ́. Ọkùnrin yẹn ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Tèmi, inú ọkọ̀ mi ni."

Èmi ni Ọ̀gá yàn fún iṣẹ́ náà, nítorí ọwọ́ mi kéré, ó lè wọ ibi tóóró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rá lábẹ́ ibùsùn. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ̀ kọ́ ni iṣẹ́ ilé orí ọkọ̀. Ẹ fetí sílẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, nítorí ibí yìí ni iṣẹ́ wà lónìí.

Ọkọ̀ lásán ní bátìrì kan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó ta ẹ́ńjìnnì jí. Asáré ni: ó fi gbogbo agbára jáde lẹ́ẹ̀kan, ó padà jókòó. Ilé orí táyà nílò bátìrì mìíràn, tí yóò máa gbé fáànù àti fìríìjì láti wákàtí dé wákàtí. Alárù nìyẹn: ẹrù rẹ̀ kò wúwo jù, ọ̀nà rẹ̀ ló jìn. Bí o bá ní kí asáré ru ẹrù dé Ìbàdàn, yóò kú sójú ọ̀nà. Bí o bá sì so asáré àti alárù pọ̀ láìfi ohun tó ń yà wọ́n sáàrin, fìríìjì á mu méjèèjì gbẹ, onílé á jí, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ta. Alárù náà kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ dé òpin okun rẹ̀. Bó bá ti lo ìdajì, ẹ jẹ́ kó jẹun. Ṣájà ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá sì ti ń yó, yóò máa tú gáàsì tí ojú kò rí, tí iná lè gbà. Gáàsì náà gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde.

Bátìrì mẹ́rin ni a rà fún Bàbá Fẹ́mi, a sì tò wọ́n sínú àpótí pákó lábẹ́ ibùsùn. Káfíńtà kan àpótí náà dáadáa, ó fi gọ́ọ̀mù dí gbogbo àlàfo rẹ̀ kí eruku má baà wọlé. Ìwé kan bá àwọn bátìrì náà wá, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo fi ìka tẹ̀ lé e ní ìrọ̀lẹ́ méjì títí mo fi lóye rẹ̀. Ó ní ibi tí a bá gbé e sí gbọ́dọ̀ ní ihò sí ìta, ó sì ní kí iná kankan má ṣe ṣẹ́ nítòsí rẹ̀.

Mo dúró títí a fi dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá Ọ̀gá sọ ọ́. "Ọ̀gá, ìwé yẹn ní kí a lu àpótí náà ní ihò. Ó ní ó ń mí."

"Kí ló ń mí?"

"Bátìrì, sà."

Ó yíjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ ọ, Ìyá Dákẹ́ ní bátìrì ń mí. Ṣé ó ní imú ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi mí pé ṣé ó ń sín náà. Ọ̀gá ní, "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọwọ́ kan bátìrì. Ìwé tó dé lánàá ni o fẹ́ fi kọ́ mi." Kò lu ihò. Èmi náà kò lù ú, bẹ́ẹ̀ dírìlì wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kejì.

Àárọ̀ Sátidé ni a fẹ́ kó iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́, nínú ọgbà wọn ní Àgídìngbì. Wọ́n ti kó ẹrù sínú bọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́ ni wọ́n ń lọ. Ṣájà ti wà lórí àwọn bátìrì náà láti ọ̀sán àná, bí Ọ̀gá ṣe ní kí n ṣe é, àpótí wà ní pípadé. Nígbà tí a wọlé, mo ti gbóòórùn rẹ̀, bí ẹyin tó bàjẹ́, ó ń ta mí nímú.

Bàbá Fẹ́mi béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni tó ní làákàyè yóò béèrè. "Làmídì, báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti kún?"

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, sà." Ọ̀gá yọ ṣájà, ó gbé ibùsùn sókè, ó ṣí ìdérí àpótí díẹ̀, ó na ọwọ́ kí n gbé wáyà fún un. "Màmá, ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ ó rí iná funfun."

Màmá tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀.

Mítà mi wà lápò. Mo la ẹnu. Mo ní, "Ọ̀gá…"

Ó yíjú wò mí. Ó kàn wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tó gbé bátìrì lé mi lórí. Mo pa ẹnu dé. Mo gbé wáyà fún un.

Ìró náà dà bí ìgbà tí wọ́n gbá ilẹ̀kùn irin mọ́ ènìyàn létí. Pákó fò, ike fò, ásíìdì tú sókè. Ọ̀gá fi apá bo ojú, apá náà ló jó. Ojú Màmá ni ìyókù bà. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì tí wọ́n gbé fún ìrìn àjò wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fa Màmá síta, mo fi orí rẹ̀ sórí itan mi, mo la ìpéǹpéjú rẹ̀ pẹ̀lú ìka, mo ń da omi sí i láì dúró. Ó ń jà, mo ń dà á. Dókítà sọ lẹ́yìn náà pé omi yẹn ló gba ojú òsì là. Ti ọ̀tún lọ.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, Bàbá Fẹ́mi dúró síwájú wa, ẹ̀jẹ̀ aya rẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Ẹ sọ fún mi."

Ọ̀gá Làmídì, apá rẹ̀ nínú báńdéèjì, ní, "Ẹ máa bínú, sà. Ọmọbìnrin yìí ló fi ṣájà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kò jẹ́ kí n mọ̀."

Bàbá yíjú sí mi. Kò bínú rárá, ohun tó burú nìyẹn. "Ọmọ mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Kọ́sítọ́mà ni. Ọ̀gá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oṣù kan ló kù fún fíríìdọ́ọ̀mù, bí Ọ̀gá kò bá gbọ́wọ́ lé mi lórí lójú ẹgbẹ́, ọdún márùn-ún mi ti dòfo, kò sí ẹni tí yóò pè mí ní oníṣẹ́ láti Agége dé Òpèbí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ forí jì mí, sà."

Ó gbà mí gbọ́. Wọ́n ṣe fíríìdọ́ọ̀mù mi lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ tó ṣì ní báńdéèjì ni Ọ̀gá fi súre fún mi. Mo ṣàmín.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Orégùn. Ilé orí táyà ni mo gbájú mọ́: ọkọ̀ àwọn ajíhìnrere, ọkọ̀ tí àwọn eléré fi ń sùn níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù, ọkọ̀ tí dókítà fi ń tọ́jú eyín àwọn ọmọ ilé ìwé. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Sólà gun òrùlé bọ́ọ̀sì. Ínfátà dé, ó sọ iná bátìrì di iná ilé. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù dé, kò ní omi, kò ní ásíìdì, ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ìdajì ti àtijọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fi ṣájà àtijọ́ bọ́ ọ, o ti pa á. Báyìí fóònù ni mo fi ń wo inú bátìrì. Ó ń sọ fún mi bó ṣe gbóná tó àti iye tó kù. Síbẹ̀, ẹ dé ìdí ọkọ̀ mẹ́wàá lónìí, ẹ ó rí ẹni tó ń fi wáyà ha orí bátìrì, tí àwọn ènìyàn yí i ká tí wọ́n ń wo iná.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, òfin kan ni mo fi lélẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní "Dúró", ì báà jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tó wọlé lánàá, gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lára iṣẹ́, ì báà jẹ́ níwájú gómìnà. Ẹ má rò pé ó rọ̀ mí lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan mo ń so ọkọ̀ ọkùnrin pàtàkì kan, ó dúró lórí mi, ó ń kánjú. Bùkọ́lá, ọmọ iṣẹ́ mi, ní, "Àǹtí, ẹ dúró."

Ọkùnrin náà ní, "Madam, ẹ ń jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa kọ́ yín?"

Ojú tì mí débi pé etí mi gbóná. Inú bí mi sí Bùkọ́lá, kí n má purọ́. Mo mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó, nítorí wọ́n ti fi wò mí rí. Mo yọ ọwọ́. Mo ní, "Kí lo rí?" Ó ní ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ náà rí ti fi wáyà bàbà rọ́pò fíúsì lábẹ́ ínfátà, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Òótọ́ ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wa ló mọ òwe yìí, wọn a sì máa pa á níbi àríyá, kí wọ́n tó padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ dí ọmọdé lẹ́nu.

Nítorí náà, bí ẹ bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ yìí dára, mo ní ó dára. Ẹ bo imú yín. Ṣùgbọ́n kí bàbá yín tó tọwọ́ bọ̀wé fún ọ̀gá kankan, ẹ bi ọ̀gá náà pé, bí ọmọ iṣẹ́ bá rí ewu níwájú kọ́sítọ́mà, kí ni yóò ṣe? Bó bá ní kó dákẹ́, ẹ padà sílé, ì báà jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ṣẹ̀dá iná.

Nígbà tí dókítà ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀bù lé Bùkọ́lá lọ́wọ́, mo sì lọ bá Ọ̀gá Làmídì ní Agége. Ó ti darúgbó, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo ní kó bá mi lọ sí Àgídìngbì ká lọ sọ òtítọ́ fún àwọn ènìyàn yẹn.

Ó ní, "Ràṣídá, ọ̀rọ̀ tó ti kú. Ṣé o fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ lọ́jọ́ ogbó ni?"

Mo ní, "Tèmi tẹ́ ẹ bà jẹ́ ńkọ́, sà?"

"Mi ò ha fún ẹ ní fíríìdọ́ọ̀mù?"

Mo dìde. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi rí àgbà lọ́jà. Ọwọ́ rẹ̀ ló wọ́ orí náà.

Mo dá lọ. Bọ́ọ̀sì náà ṣì wà nínú ọgbà, táyà rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀, adìyẹ ń wọ inú rẹ̀ ń jáde. Màmá Fẹ́mi ló ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bàbá ti kú láti ọdún méje, n kò gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́: àpótí tí kò ní ihò, ìwé tí mo kà, sípáàkì, irọ́ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì mi orí.

Ó ní, "Èmi mọ̀ pé Làmídì ló ṣe é. Mo wà níbẹ̀, ojú méjèèjì ni mo fi rí i kí ọ̀kan tó lọ. Mo sọ fún Bàbá Fẹ́mi. Ó ní ta ni èmi, tíṣà aláfábẹ́ẹ̀tì, tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ bátìrì fún òun. Ó ní ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọmọ náà sì ti jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó wá gbà pé òun gan-an ló fà á. Ó ní ká ní òun kò béèrè pé báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó kún ni, wọn kì bá tí ṣí i. Ojoojúmọ́ tó bá wo ojú mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà. Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn béèrè ló fi pa ara rẹ̀."

Mo ní, "Ìbéèrè náà kò ní àbùkù, mà. Mítà ì bá ti dáhùn rẹ̀. Ó wà lápò mi."

"Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ìyẹn ti lọ." Kò ní kí n dìde. Ó fi ojú kan tó kù wò mí pẹ́. "O la ẹnu lọ́jọ́ náà. Mo rí ẹ. Ó wò ẹ́, o sì pa á dé. Mo máa ń rò ó. Kí lo fẹ́ sọ?"

Mo gbójú sókè.

"Mo fẹ́ ní, Ọ̀gá, ẹ má sípáàkì rẹ̀, gáàsì ti kún inú àpótí."

"Ó tán?"

"Ó tán, mà."

Ó gbé ojú kúrò lára mi, ó ń wo bọ́ọ̀sì níta.

"Ọ̀rọ̀ náà kò mà gùn, Ràṣídá."

Mo ní, "Kò gùn, mà."